Jẹ́jẹ́ àti Ẹgbẹ̀rún Sánmà Mi

Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Obìnrin kan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ wa ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò sí ohun tó ń kánjú ṣe. Tó bá ń rìn, ẹ máa rò pé ọmọ tuntun ló pọ̀n. Tó bá ń mu tíì, tíì náà á ti tutù kó tó mu ún dé ìdajì. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò ní sùúrù á ti bá a parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òun á kàn rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ láti ibi tó bá a dé. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ bá mi rántí ìyẹn o, torí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ kíákíá.

Iṣẹ́ wa ni pé à ń ṣe sánmà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ti ń rìn bọ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí oòrùn, tí kò tíì sí ìràwọ̀ kankan. Gbogbo ìhà ló ti ń wá bá wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ti jìn débi pé ó ti tutù, ojú kò lè rí i mọ́, àfi ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ ti ya àwòrán rẹ̀ yíká gbogbo sánmà, wọ́n sì rí i pé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ibì kan gbóná díẹ̀, ibì kan tutù díẹ̀, díẹ̀ tó kéré ju èyí tí ara ènìyàn lè mọ̀ lọ. Inú gbóná-tutù yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ń wádìí bí ohun gbogbo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé sánmà kan ṣoṣo la ní. Tí o bá rí ohun àrà nínú rẹ̀, báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá ohun àrà ni lóòótọ́ tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀? O ò lè lọ yá sánmà aládùúgbò wò. Ibẹ̀ ni tiwa ti wọlé. A máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwọn sánmà mìíràn, odindi sánmà tó yíká láìsí ibi tó ṣófo, tí wọ́n ń tẹ̀lé òfin kan náà tí a rò pé sánmà gidi ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n tí gbóná-tutù wọn bọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A ó wá fi sánmà gidi sí àárín wọn bí ìgbà tí wọ́n mú ọmọ kan wọ kíláàsì tuntun, ká wò ó bóyá ó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni mo ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe wọ́n, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Sánmà láti yàrá wa títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Màmá mi ò fẹ́ràn orúkọ náà rárá. Ó ní wọ́n fẹ́ fi ẹnu lé mi kúrò nílẹ̀ ni. Èmi ní tèmi, ó ń dùn mọ́ mi létí.

Sánmà kọ̀ọ̀kan máa ń hù láti inú nọ́ńbà kan tí à ń pè ní irúgbìn. Fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà méje, á ṣe sánmà kan fún ọ. Tún fún un ní méje lọ́la, sánmà kan náà gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe, kò ní yẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà la ó wá da ariwo ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn gbóná-tutù èké tó ń ti ara ẹ̀rọ wá, torí kò sí ẹ̀rọ tí kì í da ariwo tirẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbọ́. Ariwo náà ní irúgbìn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ iṣẹ́ wa, ìyókù kò ju jíjókòó lọ.

Àjà kejì ni yàrá wa wà. Tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fèrèsé méjì, àti ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń kán omi sínú garawa láti ọdún tí mo ti débẹ̀. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé tó tóbi jù. Àga olórí yàrá ni, ọ̀gá wa ló ń jókòó síbẹ̀, ọ̀gá wa sì ń múra láti fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún. Ẹni tó bá gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa pinnu irú sánmà tí a ó ṣe àti ẹni tí yóò lò ó. Ọdún kọkànlá mi nìyẹn níbẹ̀. Mo ti fi ojú wọn àga yẹn títí mo fi mọ ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya. Kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kó gbà á, àfi ìgbà tí Jẹ́jẹ́ dé.

Ọmọ bíríkìlà ni, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn wá síbi iṣẹ́. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ni ẹ ò bá rí. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, ìlà kan lábẹ́ ìlà kan, yóò ṣe ìṣirò náà tán, yóò ṣí ojú ewé tuntun, yóò tún un ṣe bí ẹni pé kò ṣe é rí. Bí méjèèjì bá dọ́gba ni yóò tó gbà. Nígbà àkọ́kọ́, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ṣé o ò fọkàn tán ara ẹ ni?" Ó ní, "Rárá, ma, mi ò fọkàn tán an." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan kọ́kọ́ ta mí láyà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń bí mi nínú. Àwọn tó ń gbálẹ̀ máa ń dúró kí i, wọ́n á sì gbójú fò mí. Ọ̀gá wa á pe èmi láti bi mí pé iṣẹ́ dé ibo, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pè láti bi í pé kí ló rò. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ ibẹ̀. Nígbà tí màmá mi ṣubú, tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Jẹ́jẹ́ lọ kí i lẹ́ẹ̀mẹrin láìsọ fún mi. Mo dé ọ̀hún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tó ń gé èékánná màmá mi, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé báyìí, màmá mi á ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn. Èyí tó mọ ènìyàn-án tọ́jú."

Ọkọ mi á kó sí i lẹ́nu. "Màmá, ẹ rọra. Orogún ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ lẹ ń béèrè yẹn o." Òun rò pé eré ni. Mo sọ fún un pé tí kò bá ní ọ̀rọ̀ gidi sọ, kó lọ tẹ́ ibùsùn.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Jẹ́jẹ́ fi sánmà gidi sí àárín ẹgbẹ̀rún sánmà mi, tó wọn bí gbóná-tutù inú wọn ṣe ń ru tó. Ó wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé lọ síwájú ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa kà á, ó dìde. Sánmà gidi parọ́rọ́ ju gbogbo ẹgbẹ̀rún lọ. Kò sí ẹyọ kan nínú sánmà mi tó parọ́rọ́ tó o. Bó bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé ohun kan wà nípa ìbẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, Jẹ́jẹ́ ló sì kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀gá wa kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó wá dúró láàárín yàrá, ó sọ ọ́ létí gbogbo wa pé, "Ẹni tó rí irú nǹkan báyìí ló yẹ kó gba yàrá yìí lọ́wọ́ mi."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta mí. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ẹni òkú kú fún. Sánmà ta ni? Ta ló jókòó ọdún mẹ́ta? Bí kò bá sí ẹgbẹ̀rún tèmi, kí ni ì bá fi wé? Kò tilẹ̀ sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wò mí. Òun nìkan ló wá bá mi ní tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o. Iṣẹ́ yín ni." Ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé nítorí ìmọ̀ ni. Mo fẹ́ kó ṣubú ni. Mo gba àdàkọ gbogbo ìṣirò rẹ̀, mo tú u wò láti òkè dé ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń jẹun, mo ń wá a. Ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń wá a. Kò sí. Ìṣirò rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo wá ń bínú sí mímọ́ náà pàápàá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ ìpàdé, kò ku ohun tí mo lè yẹ̀ wò mọ́ àfi àwọn sánmà fúnra wọn. Mo mú ọ̀kan, mo yọ ariwo ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀, mo gbé sánmà sí apá kan ojú kọ̀ǹpútà, mo gbé ariwo sí apá kejì. Mo wò wọ́n. Mo nu ojú mi, mo tún wò wọ́n. Ibi tí sánmà ti gbóná, ariwo náà ru sókè níbẹ̀. Ibi tó ti tutù, ariwo náà rẹlẹ̀ níbẹ̀. Ariwo tó yẹ kó máa ṣe tirẹ̀ láìbìkítà ń gbè sẹ́yìn sánmà. Mo mú òmíràn, bákan náà. Mo mú ogún, bákan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ̀rún náà fi ń ru kọjá ààlà, tí sánmà gidi fi dà bí èyí tó parọ́rọ́. Kò sí ohun àrà kankan lókè. Irúgbìn kan náà ni wọ́n fi gbin sánmà àti ariwo.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé èmi ni mo ni sánmà, Jẹ́jẹ́ ló ni ariwo. Láti ọjọ́ tó ti dé ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ariwo fún un. Mo ti ń rí i níwájú àwọn àlejò, tó ń wá àṣìṣe náà kiri inú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo rántí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Jẹ́jẹ́ dé ni. Mo ti to àwọn nọ́ńbà sánmà mi láti oókan dé ẹgbẹ̀rún, mo wá da ìwé kan náà kọ fún ariwo, mo sì ní lọ́kàn pé màá yí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ padà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò yí i padà. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irúgbìn ariwo ò ní pàdé ti sánmà báyìí?" Èmi ńkọ́? Ẹ̀rín tí ọ̀gá wa rín ní àná ọjọ́ náà ṣì ń jó mi nínú. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Lò ó bí mo ṣe fún ẹ, má fọwọ́ kàn án." Ó ní, "Ẹ má bínú, ma." Ó lò ó bí mo ṣe fún un.

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi àti òun nìkan ni. Mo ro ìyẹn dáadáa. Tí mo bá dákẹ́, yóò gba àga. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n tí mo bá dìde lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀ tán, tí mo ní ariwo náà kò dára, tí mo sì jókòó padà, èmi ni àga kù sí lọ́wọ́. Mo yan èyí. Mo tilẹ̀ fi ohùn tí màá fi sọ ọ́ dánra wò níwájú dígí, ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn àlejò mọ́kànlá jókòó yí tábìlì gígùn ká, ike omi wà níwájú olúkúlùkù. Aṣọ mi tó dára jù ni mo wọ̀. Jẹ́jẹ́ dìde, ó to ìwé rẹ̀, ó tún un tò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí a pè yín wá wò, kò sí."

Ọ̀gá wa ní, "Kí lo wí?"

"Kò sí, sà. Lọ́jọ́ Àìkú ni mo fura, àná ni mo tó rí i dájú. Irúgbìn ariwo àti irúgbìn sánmà, ìkan náà ni wọ́n." Ó gbé àwòrán méjèèjì sára ògiri, sánmà lápá kan, ariwo lápá kejì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé gbogbo wọn. Kò sáré. Kò sunkún. Èmi jókòó síbẹ̀, ohùn tí mo fi dánra wò níwájú dígí kò wúlò mọ́.

Bàbá àgbà kan nínú àwọn àlejò yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Irú èyí kì í dédé ṣẹlẹ̀. Báwo ni nọ́ńbà méjèèjì ṣe wá jẹ́ ìkan náà?"

Jẹ́jẹ́ nawọ́ mú ike omi rẹ̀. Ó ṣí i. Ó mu díẹ̀. Ó dé e padà, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, kì í ṣe pé ó tẹjú mọ́ mi, ó kàn wà ní ìhà ọ̀dọ̀ mi. Mo ń wo èékánná mi. Ó tún ṣí ike náà, ó tún mu. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ wọn.

Ó wá ní, "Ọwọ́ mi ló wà, sà. Ó yẹ kí n béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kò sẹ́ni tó yé nínú gbogbo wọn àfi èmi. Àwọn àlejò pa ìwé wọn dé, wọ́n lọ. Ní ìparí ọdún, ọ̀gá wa pè mí, ó ní àga di tèmi. Ó ní ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í kánjú, ó ní ó dun òun pé Jẹ́jẹ́ kánjú. Jẹ́jẹ́! Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ti ń kọjá lọ. Mo pè é padà.

"Kí ló dé tí o ò fi dárúkọ mi?"

Ó ronú sí i, bó ṣe máa ń ronú sí ohun gbogbo. Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀, ma. Mo mu omi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí yín ni."

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Ó ti bá mi ṣe ẹgbẹ̀rún sánmà mìíràn, irúgbìn kò pàdé irúgbìn, sánmà gidi sì jókòó pẹ̀lẹ́ láàárín wọn bí ọmọ ilé. Màmá mi ṣì ń béèrè rẹ̀. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́, síbẹ̀ òun ni mo ń jowú: oorun rẹ̀, ìrìn rẹ̀, bó ṣe lè kí ènìyàn kó máà sí nǹkan kan lẹ́yìn ìkíni náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn wá kọ́ bí a ṣe ń ṣe sánmà. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo ń ṣàlàyé irúgbìn fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́ ìtàn pé ẹnìkan fi irúgbìn kan náà gbin sánmà àti ariwo nínú yàrá yìí nígbà kan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ta ni?"

Jẹ́jẹ́ wà ní tábìlì rẹ̀, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí wa lọ. Kò sí omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sí àlejò mọ́kànlá, kò sí àga tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni.

Mo ní, "Jẹ́jẹ́ ni."

Ó gbọ́. Pẹ́ńsù rẹ̀ ń lọ lórí ìwé, ìlà kan lábẹ́ ìlà kan. Mo wò ó bóyá pẹ́ńsù náà máa dúró. Kò dúró, mo sì jowú ìyẹn náà.